Abọ́ Tí Wọn Kì Í Fọ̀

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1994, ọmọ màlúù kan kú nínú ilé ẹran Ingegärd Tufvesson, ní abúlé kan létí òkun ní ìlà-oòrùn Skåne, ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Sweden. Ìwé dókítà ẹran ṣì wà: abo, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìkẹrin nìyẹn láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará abúlé a máa sọ pé méje ni. Mẹ́rin ni.

Ingegärd fúnra rẹ̀ ló wọ́ òkú náà jáde, tó fi tapólì bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti pinnu ohun kan lọ́kàn tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Màlúù kan ṣoṣo ló kù tí yóò bímọ kí òtútù tó lọ, Majros lorúkọ rẹ̀. Bí ọmọ Majros náà bá kú, yóò ta gbogbo màlúù, yóò ti ilẹ̀kùn ilé ẹran pa, yóò sì padà sí ìgboro Malmö.

Wọn kò bí i sídìí màlúù. Malmö ni wọ́n ti tọ́ ọ, bàtà ló sì ń tà níbẹ̀ nígbà tí Nils-Arne Tufvesson wọ ṣọ́ọ̀bù wá ra bàtà òjò lọ́dún 1968. Ọkùnrin náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ra òmíràn. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, Ingegärd bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mélòó lẹ ní gan-an?”

“Àádọ́rùn-ún,” ni ọkùnrin náà dáhùn, “tá a bá ka ti màlúù méjìlélógún mọ́ ọn.”

Bí Ingegärd ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Elna, ìyá ọkọ rẹ̀, ní kò sí ìfẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, pé bàtà àkọ́kọ́ ló há ọmọ òun lẹ́sẹ̀.

Nils-Arne kú lọ́dún 1987. Ó jókòó láti bọ́ bàtà rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó fi màlúù méjìlélógún àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún aya rẹ̀. Gbogbo abúlé ń retí kí ará ìgboro di ẹrù. Kò dì í. Òun ní àwọn màlúù ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Elna ní àpótí ni kò rí.

Báyìí ni obìnrin méjèèjì ṣe wà, èyí ìyá ọkọ, èyí aya ọmọ, tí kò sí ọkọ tàbí ọmọ láàárín wọn mọ́. Elna ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọmọ apẹja ni, ìdílé tó ń pa ẹja gígùn kan tó rí bí ejò. Lọ́dún 1935 tó wá sílé ọkọ, màlúù kan ló fi okùn fà wá. Ìran màlúù yẹn ni Majros, òun nìkan ló sì kù nínú wọn. Majros ti dàgbà. Bó bá bí akọ, tàbí tó bí abo tí abo kú, ìran náà ti parí.

Dókítà ẹran dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn. Ragnhild Forsgren lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìhà àríwá tí yìnyín kì í tètè yọ́. Ọdún méjì péré ló tíì lò ní Skåne. Ó ti yẹ omi wò, ó ti yẹ koríko wò, ó ti fún ọmọ màlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́rẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti kú. Ó fa ẹ̀jẹ̀ èyí tó kú kẹ́yìn kó tó kú, ó sì ti rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí kò yé e. Ingegärd bu kọfí fún un ní ilé ìdáná. Bó ṣe gbé ife sẹ́nu ni ojú rẹ̀ bọ́ sójú fèrèsé.

“Ẹ̀yin tí èèyàn lè jẹun nílẹ̀ilẹ̀ ilé yín,” ló wí, “abọ́ wo ló dọ̀tí báyẹn?”

Abọ́ mẹ́rin ni, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sójú fèrèsé, ìkarùn-ún ṣì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò kan, wàrà aláwọ̀ ìyeyè sì ti gbẹ mọ́ ìdí wọn.

“Wọn kì í fọ̀ wọ́n,” ni Elna dáhùn.

“Ta ni kì í fọ̀ wọ́n, Màmá?”

“Ẹni tá a bá fún ní wàrà àkọ́fún. Tó bá ti sè é tán, bí abọ́ ṣe wà ló ń dá a padà. Tó bá fọ̀ ọ́, ọmú màlúù á gbẹ. Àbí ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tẹ́ ẹ ti wá?”

“Níbi tá a ti wá, yìnyín ló ń bá wa fọ abọ́.”

Elna fẹnu sí kọfí, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wàrà àkọ́fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Wàrà tí màlúù kọ́kọ́ ń fún lẹ́yìn ìbímọ ni, ó máa ń ki, ó sì máa ń pọ́n bí inú ẹyin. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a fi ṣúgà sí i, a fi èròjà olóòórùn dídùn sí i, a gbé e sínú ààrò, a sì dì fúnra rẹ̀ láìsí ẹyin, a máa gbọ̀n nínú àwo bí ẹ̀kọ tútù. Nítorí gbígbọ̀n yìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní kalvdans, ìyẹn ijó ọmọ màlúù. Ti Elna ni wọ́n ń yìn jù. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ sí àwọn obìnrin tó bá ń lo wàrà lásán: “Ẹni tó fẹyin sí i, irọ́ ló sè.”

Ragnhild mú abọ́ kan, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀. “Wàrà ti màlúù wo nìyí?”

“Ìyá èyí tó wà lábẹ́ tapólì,” ni Ingegärd dá a lóhùn.

“Lítà kan ló ń gbà?”

“Ó lé díẹ̀.”

“Ìyá ọmọ fún lítà mélòó?”

“Mẹ́fà.”

“Kí wá ni ọmọ mu?”

“Èyí tó ṣẹ́kù. Àti ti ìrọ̀lẹ́. Ó mu ti ìrọ̀lẹ́ yó dáadáa.”

Ragnhild gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Dókítà ará àríwá kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń pa á.

Ó sọ ohun tó rí fún wọn. Awò kékeré kan bí ìka ọwọ́ wà lápò rẹ̀. Bí èèyàn bá kán omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù sí i, yóò fi nọ́ńbà hàn. Ó yẹ kí nọ́ńbà náà kọjá márùn-ún àtààbọ̀. Ti ọmọ tó kú, mẹ́rin ló fẹ́ẹ̀ kọjá. Ohun tí ìyá ń fún ọmọ láti fi bá àrùn jà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé kò ní ẹ̀jẹ̀ funfun ni?” ni Ingegärd bi í. Ó ti kà á níbì kan pé ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń gbé àrùn mì.

“Ó ní in. Ẹ̀jẹ̀ funfun kún ara rẹ̀ fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n kò rí àrùn dì mú.” Dókítà yíjú sí Elna. “Màmá, ẹ ti di ẹja ejò mú rí?”

Elna wò ó bí ẹni pé ó bi í bóyá ó ti mu omi rí. “Dókítà, inú ọkọ̀ ẹja ejò ni ìyá mi ti rọbí mi.”

“Kí lẹ fi ń dì í mú?”

“Yanrìn. Wàá kọ́kọ́ da yanrìn sí i lára. Ọwọ́ lásán ò lè mú un, ṣe lá máa yọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́ títí wàá fi ṣubú sómi. Bàbá mi máa ń mú àwọn ará ìgboro wá dì í mú, kó lè rí wọn fi rẹ́rìn-ín.”

“Ó dáa. Kòkòrò tó ń pa ọmọ màlúù yín, ara rẹ̀ ń yọ̀ bíi ti ẹja ejò. Ó ní ikun lára. Ẹ̀jẹ̀ funfun á débẹ̀, á na ọwọ́ sí i, kòkòrò á yọ̀ bọ́, á tún na ọwọ́. Nígbà yẹn kòkòrò ti di méjì, ti di mẹ́rin. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ kòkòrò yẹn lára kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó lè gbá a mú. Yanrìn.”

“Níbo ni ọmọ á ti rí yanrìn?” ni Elna wí.

Ragnhild fi ìka kan abọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé ìyókù, ó rọra ń sọ ọ́. Ìyá ènìyàn máa ń fún ọmọ ní yanrìn tirẹ̀ látinú oyún. Ìyá màlúù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, inú wàrà àkọ́fún ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Yanrìn náà kì í sì í ṣe èyí tó kàn wà káàkiri. Ìyá ti bá kòkòrò inú ilé ẹran yẹn gan-an jà, ó mọ̀ wọ́n, èyí tó bá wọn mu ló ń pò sínú wàrà. Ẹ̀gbẹ́ kan yanrìn yóò lẹ̀ mọ́ kòkòrò. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹ̀jẹ̀ funfun yóò dì mú, bí ẹni di etí korobá mú. Nǹkan mìíràn tún ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń rọ́ wá lẹ̀ mọ́ ọn bí yanrìn bá ti débẹ̀, kí ìdìmú náà lè le sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà nínú ìfun ọmọ tí yanrìn ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan ó ti tì pa. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá fi máa lẹ́, ilẹ̀kùn ti ń tì lọ, wàrà náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di wàrà lásán.

“Láti 1935 la ti ń fún àwọn èèyàn,” ni Elna wí. “Ọmọ màlúù ò kú.”

“Abọ́ mélòó nígbà yẹn, Màmá?”

Elna yí ife rẹ̀ ká lórí tábìlì. Ingegärd ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Láyé Nils-Arne, abọ́ méjì ni; ọmọ màlúù a sì ti mu lábẹ́ ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé korobá dé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni abọ́ di mẹ́ta, di mẹ́rin, di márùn-ún. Ẹni tó bá gba abọ́ gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹni tó bá dá a padà yóò jókòó, yóò mu kọfí, yóò bi Elna léèrè bí ara ṣe rí. Nínú ilé tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo ti kú, abọ́ ni ẹsẹ̀ tó ń mú àlejò wá. Ingegärd mọ̀, òun ló sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn káàkiri.

Nígbà tí dókítà lọ tán, Ingegärd sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: “Màmá, a ò ní í fún ẹnikẹ́ni nínú wàrà Majros.”

“Mo ti ṣèlérí fún Sixten.”

Sixten Mårtensson ni aládùúgbò wọn, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọdọọdún ni Elna sì máa ń se kalvdans fún un.

“Ẹ gbà á padà.”

“Ìyàwó, a kì í gba ìlérí padà bí aṣọ àlòkù.”

“Bí ọmọ Majros bá kú, Màmá, màá ta wọ́n. Gbogbo wọn.”

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Elna ká aṣọ ìnuwọ́ tó wà níwájú rẹ̀ sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó dìde, ó bá yàrá rẹ̀ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣíbí àti àwo nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nílé ìdáná náà.

Majros bímọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí Ingegärd kò sí nílé. Búrẹ́dì gbígbẹ ló kán an léyín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Kristianstad láàárọ̀, nítorí màlúù náà kò tíì fi àmì kankan hàn. Aago méjì ń lọ lù nígbà tó padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú tipiri. Ó gba ilé ẹran kọjá. Ọmọ wà nílẹ̀, abo ni, pupa ni, ara rẹ̀ ti ń gbẹ. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ọmú Majros. Ọmú ti rọ̀. Wọ́n ti fún un.

Òórùn ṣúgà jíjóná ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwo kan wà lórí sítóòfù, ó kún, ó pọ́n, ó ń gbọ̀n bó ṣe ti ilẹ̀kùn. Elna jókòó nídìí tábìlì, apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, koríko lẹ̀ mọ́ ìbòrí rẹ̀.

“Màmá, kí lẹ ṣe?”

“Mo se kalvdans. Kí ni ahọ́n ẹ ń lọ́ sí?”

“Mo ní kẹ́ ẹ má ṣe é.”

“O ní kí n má fún ẹnikẹ́ni nínú wàrà Majros. Mi ò fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ló mu ún. Ìgò méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Ó fẹ́ẹ̀ bu ìka mi jẹ.”

“Kí wá ni èyí?”

“Wàrà lásán ti àná.” Elna wo ojú fèrèsé. “Ẹyin mẹ́fà.”

Ingegärd kò gbà á gbọ́. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Elna ń sọ sí àwọn tó ń fẹyin sí i. Ó ṣí korobá ìdọ̀tí wò: kò sí èèpo ẹyin kankan níbẹ̀.

“Ò ń wá èèpo,” ni Elna wí. “Ṣé o rò pé màá fi í sílẹ̀ kí Sixten wá bá a níbẹ̀? Mo ti jó o.”

Nígbà tí wọ́n mu kọfí, ọwọ́ méjèèjì ni Elna fi gbé ife, ife náà sì ń lu àwo rẹ̀. Ọwọ́ àgbà tí àrùn oríkèé ń yọ lẹ́nu, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wàrà lítà mẹ́fà, yóò gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń purọ́ náà lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, Ingegärd fún ọmọ náà ní wàrà, ó mu, ó sùn. Èyí tó kú náà ti mu rí, ó sì ti sùn.

Ragnhild dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn ọmọ màlúù, ó gbé e kalẹ̀ nílé ìdáná títí omi rẹ̀ fi yọ lókè. Elna ń bó pòtétò. Ingegärd dúró ti sítóòfù, kò lè jókòó. Dókítà kán omi ẹ̀jẹ̀ sójú awò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó, ó nù ún, ó tún kán òmíràn.

“Mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá,” ló wí. “Mi ò tíì rí irú ẹ̀ lọ́dún yìí. Ta ló fún un ní wàrà?”

“Ẹni tó mọ yanrìn,” ni Elna dáhùn, kò gbójú sókè.

Ingegärd fa àga, ó jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bó ìyókù pòtétò náà.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún wọn kó tó lọ pé ọmọ kan kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Ohun tí ìwé sọ nìyí: ní òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n bí nínú ilé ẹran náà, mẹ́wàá yè, ìkọkànlá kú kó tó jáde sáyé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n pààrọ̀ koríko ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń fi omi gbígbóná fọ ìgò ọmọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè búra pé wàrà nìkan ló ṣe é. Ìlànà tuntun ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ọmọ yóò kọ́kọ́ mu yó láàárín wákàtí méjì, ohun tó bá ṣẹ́kù ni abọ́. Nígbà mìíràn abọ́ kan a kún, nígbà mìíràn kì í sí rárá. Àwọn èèyàn ṣì ń wá mu kọfí. Ó ya Elna lẹ́nu. Ọmọ Majros gbé ọdún mọ́kànlá láyé, ó bí mẹ́sàn-án. Ingegärd kò padà sí Malmö.

Gbogbo ìyẹn ṣì wà níwájú ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún, nígbà tí Sixten pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé abọ́ tó gbà nínú oṣù kejì dání, kò fọ̀ ọ́, ó gbé e sójú fèrèsé bí àṣà. Láti ilé ẹran, wọ́n ń gbọ́ ọmọ Majros tó ń ké fún oúnjẹ ọ̀sán.

“Ohùn nìyẹn,” ni Sixten wí. “Èmi náà ń ké bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.”

Elna gbé àwo kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń nu ibi tó ti mọ́. Ingegärd bu kọfí. Sixten mi àwo wò kí ó lè gbọ̀n, ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó tún bù ú, títí ó fi ha ìdí àwo. Ó nu ẹnu rẹ̀.

“Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Åhus, ẹyin ló máa ń fi sí tiẹ̀, mi ò lè gbé e mì,” ló wí. “Elna, ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń jẹ ẹ́ nílé yìí, ṣùgbọ́n o ò tíì se irú èyí rí. Ojúlówó wàrà àkọ́fún. Èèyàn kàn máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni.”